Bí Mo Ṣe Lé Olè Oorun Ọ̀sán Dé Ìlú Rọra

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má jẹ́ kí n gbé ohùn sókè. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u báyìí kó tán. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń sọ ọ́, nítorí ọmọ Àìná ọmọ mi wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó ti ń fi ojú nu aṣọ, oòrùn sì ti dé àtàrí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi Ọdẹ́dìran, tí mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹkùn fi kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ihò, tó ní kí n máa gbé ibẹ̀. Ọ̀jẹ́làdé ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má dá a lóhùn. Olúọdẹ ìlú yìí ni lóòótọ́, fìlà oyè sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó dákẹ́ lónìí, ẹ ó mọ bí fìlà náà ṣe dé ibẹ̀.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó bí ọmọ àkọ́kọ́. Ọmọ náà gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, a sọ ọ́ ní Àìná, ayọ̀ mi kò sì mọ níwọ̀n. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti igbó ọdẹ dé lọ́sàn-án, bí mo bá ti dé ìdí igi àràbà tó wà létí ilé wa, mo máa ń yìnbọn kan sókè, gbàù, màá sì ki ìjálá wọlé, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé baba Àìná ti dé. Àṣà ọdẹ ìlú wa ni. Ẹran tí ìbọn kò bá kéde rẹ̀ létí ìlú kí ojú ẹlòmíràn tó rí i, òkúùgbẹ́ ni a ń pè é, ẹran tó kú fúnra rẹ̀ tí ènìyàn kàn he nínú igbó. Ìtìjú ńlá ni kí wọ́n pe ẹran ọdẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, àga Olúọdẹ ṣófo, àwọn àgbà sì ti fẹnu kò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dá ẹfọ̀n pa ni yóò jókòó sí i. Ojú mi wà lára àga náà, n kò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Àìná pé oṣù mẹ́rin, oorun ọ̀sán kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ojú rẹ̀ kì í padé mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ẹkún ni. Kì í ṣe ẹkún ebi, kì í ṣe ẹkún inú rírun, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Àwẹ̀ró ìyàwó mi, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló fi ń kí ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ sí rù. Omú rẹ̀ ń gbẹ. Lọ́jọ́ kan ó sùn lọ sórí ọlọ níbi tó ti ń lọ ata. Lọ́jọ́ kejì ó sùn lọ nídìí ààrò, iná ràn mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ìyá mi tó da omi sí i. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá rẹ̀ ní ìlú wọn, ó sì ránṣẹ́ sí mi pé, "Àna mi, mo kí ọ. N kò bí ọmọ mi kó wá jóná nílé ọkọ. Bí ọmọ yẹn kò bá tíì máa sùn lọ́sàn-án títí ọjọ́ kẹjọ òní, èmi fúnra mi ń bọ̀ wá kó ìyá àtọmọ lọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ìbọn, mo ní olè kan wà tó ń jí oorun ọmọ mi, mo ní inú ihò yòówù kó wà, màá fà á jáde. Ìyá mi ní, "Ọdẹ́dìran, ìyá tó bí mi sọ fún mi pé oorun ọ̀sán ní ìlú tirẹ̀. Ìlú Rọra lorúkọ rẹ̀, ẹ̀yìn Igbó Aláriwo ló wà. Ibẹ̀ ni kí o ti lọ béèrè." Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ lágbára ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní, "Baba Àìná, ẹ tètè dé." Mo sì kọrí sígbó.

Mo gba ẹnu ọ̀nà kan nídìí ìrókò wọlé, mo bá ara mi nínú Igbó Aláriwo. Àwọn iwin ibẹ̀ kò sùn rí láti ọjọ́ tí a ti dá wọn. Ojú mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ní, gbogbo rẹ̀ ló pọ́n. Ọ̀kan fi ṣòkòtò wọ orí, ó ń wá ibi tí orí rẹ̀ wọlé sí. Àwọn méjì ń jà láti ọdún mẹ́fà nítorí pé ọ̀kan wo èkejì. Ọ̀kan ń jẹ iṣu, ó ń sunkún pé iṣu náà ń tán. Olórí wọn ń jẹ́ Kòsùn, ó ga ju òrùlé lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, nínú èémí kan náà. Ó ní, "Ta ló ní kí o wá síbí? Má lọ. Ó yá, máa lọ. Kí ló dé tí o fi ń lọ?"

Ó gbá mi mú, a wọ ìjàkadì. Mo gbé e sí èjìká, mo ń fì í sọ́tùn-ún, mo ń fì í sósì, kí n lè rí ibi tí màá là á mọ́lẹ̀ sí. Bí mo ti ń fì í, ariwo rẹ̀ rọlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fa etí, ó yán. Ó kù díẹ̀ kó fi orí lé mi léjìká, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó pé, "Kòsùn, Kòsùn," ojú rẹ̀ là, inú sì bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ ni mí nígbà náà, mo rò pé agbára mi ló ń rẹ̀ ẹ́. Mo da ẹ̀pà sísun tó wà lápò mi sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jà lé e lórí, mo sì bá tèmi lọ.

Ní ẹnu ibodè Rọra, mo bá ìyá arúgbó kan tó ń ran òwú. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, dìde, ẹnikẹ́ni kì í kánjú wọ ìlú yìí. Gbọ́ àlọ́ mi. Àlejò kan wà tó ń lọ sílé ọmọ ọwọ́ lójoojúmọ́. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló máa ń kàn: á kan ojú, á kan etí, á kan ẹnu. Bí wọn kò bá ṣí fún un, á fi ẹkún sílẹ̀, á padà sẹ́yìn. Ta ni?"

Mo ní, "Ìyá, ìyẹn kò le. Eṣinṣin ni."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ìrànwú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Báwo lo ṣe ń mọ̀ pé àgbọ̀nrín fẹ́ dùbúlẹ̀?"

Ha, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu mi gba ọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ ń bi. Bó bá jẹun yó, tí oòrùn gun òkè, á dẹ́kun ìrìn, etí rẹ̀ á máa wálẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa wúwo. Mo mọ ibi tó ń sùn, mo mọ ìgbà tó ń sùn, mo mọ ìhà tó ń fi lélẹ̀. Bó bá ti kù díẹ̀ kó sùn, èmi kì í mí, ewé gbígbẹ kan kì í dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Ó ní, "Ọmọ rẹ ńkọ́? Kí ló máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún?"

Mo ní, "Ìyá, n kò wò ó rí." Mo wolẹ̀. Ìyá náà ṣa ìrànwú rẹ̀, ó ní, "Ìdáhùn rẹ kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ tọ̀nà. Bọ́ bàtà, kí o wọlé."

Ẹ ò rí ìlú bẹ́ẹ̀ rí. Ní Rọra, ewúrẹ́ ń yọ́ rìn. Àkùkọ ń fi ìyẹ́ bo ẹnu kó tó kọ. Orí tìmùtìmù ni wọ́n ń gbé odó lé kí wọ́n tó gúnyán. Bí ènìyàn méjì bá fẹ́ jà, wọ́n á kọ́kọ́ lọ sùn, bí wọ́n bá sì jí, wọn kì í rántí ohun tí wọ́n ń jà sí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí Onírọra, ọba wọn, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú kí ọmọ rẹ̀ sùn. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan ni.

Ọmọ-ju-baba-lọ lorúkọ ọmọ náà. Ó jókòó sórí ẹní tó fẹ̀ tó oko àgbàdo kan, ó ń wò mí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ga dé ìbàdí mi. Mo ki ìjálá fún un, ojú rẹ̀ là gbòò. Mo jó fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tọ̀, omi náà sì gbé mi dé ẹ̀yìn ọjà kí n tó rí igi dì mú. Mo padà, mo pọ̀n ọ́n. Ọ̀jẹ́làdé, má bi mí bí mo ṣe pọ̀n ọ́n, ọdẹ ni mí. Mo rìn yí ìlú ká títí ó fi sùn fọnfọn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ẹní, ojú là, ó fi igbe ta, gbogbo ilẹ̀kùn ìlú náà sì ń mì.

Ni mo bá jókòó. Mo ní n óò wò ó bí mo ṣe ń wo àgbọ̀nrín. N kò kọrin, n kò jó, mo kàn ń wò ó. Nígbà tó ṣe, ó fi ẹ̀ṣẹ́ nu ojú. Mo ní nínú ara mi pé àlejò ti kan ilẹ̀kùn kìíní. Ó fa etí. Mo tètè dìde, mo ti fèrèsé kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn díẹ̀, mo fi aṣọ tútù nù ún lójú. Bó ti yán, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó dojú kọ òkè, ojú rẹ̀ ṣì wà ní lílà. Mo fi ọwọ́ lé e láyà, mo ń fi ohùn kan ṣoṣo kọrin fún un:

Oòrùn ti gun orí ilé,
Ewúrẹ́ ti wọ abẹ́ àká,
Adìẹ ti ká ẹsẹ̀ kan sókè,
Ìwọ náà, ká tìrẹ.

Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó sùn. Gbogbo ará Rọra fi ìka kọ̀ọ̀kan pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò gba ìyìn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì gbọ́ ọ.

Wọ́n mú mi dé iwájú Onírọra, arúgbó kan tó dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn. Mo ní, "Kábíyèsí, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún oorun. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ń jí ti ọmọ mi, mo sì wá mú un." Ọba ní, "A mọ olè náà. Ẹ pe oorun tí à ń rán sí Àìná."

Ọmọbìnrin kan jáde, kò ga ju orúnkún mi lọ, ó fi òwú di etí méjèèjì. Bó ti rí mi báyìí, ó sá sẹ́yìn àga ọba. Ó ní, "Òun nìyẹn, Kábíyèsí. Ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọba ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní, "Lójoojúmọ́ tí oòrùn bá dé àtàrí, mo máa ń lọ sílé wọn. Ọmọ á nu ojú, ìyá àgbà kan á ní, 'Ẹ wò ó, ó ń nu ojú, ó fẹ́ bá mi ṣeré,' á gbé e jó yíká ilé. Màá dúró. Ọmọ á tún fa etí, á yán. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ ẹnu ọ̀nà, ni ọkùnrin yìí á yìnbọn nídìí àràbà. Bí mo bá sá dé ẹ̀yìn odi, màá ṣì máa gbọ́ ọ tó ń ki ìjálá. Etí mi ń dùn mí."

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló wà. Mo ti bá erin pàdé níkòríta, n kò yà fún un. Lọ́jọ́ náà, mo gbé ìbọn sílẹ̀. Èmi tí n kì í mí nítorí àgbọ̀nrín tí mo fẹ́ pa, èmi náà ni mò ń yìnbọn sétí ọmọ tí mo fẹ́ kó yè. Ojú tì mí gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ kékeré yẹn, mo bẹ̀ ẹ́.

Onírọra ní, "Yóò tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọjọ́ tí o bá délé, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Bó bá tún gbọ́ ìbọn, kò ní padà wá mọ́. Bẹ́ ẹ bá gbà á dáadáa, yóò máa wá ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́. Àlejò tí a bá mọ àsìkò rẹ̀ ni a ń gbálẹ̀ dè. Ṣùgbọ́n bí òjìji igi bá ti ń gùn lọ, kí ẹ jí ọmọ, kó má baà sun oorun òru mọ́ ti ọ̀sán."

Mo gba ọ̀nà ilé, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dá sọ̀rọ̀. Ibi tí mo gbé jáde nídìí ìrókò ni ẹfọ̀n kan gbé dúró dè mí. Ìwo rẹ̀ ń ha ẹ̀ka igi. Ó wò mí, mo wò ó, ó kọlù mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo yìn ín níbọn, ó ṣubú, odò tó wà nítòsí sì fò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Èmi nìkan ni. Mo tún kẹ́ ìbọn, mo gé orí ẹran náà, mo gbé e rù. Àga Olúọdẹ ti di tèmi. Ohun tó kù ni kí ìbọn dún létí ilé.

Ọjọ́ kẹjọ ni mo dé ìdí àràbà. Oòrùn wà ní àtàrí gẹ́lẹ́. Mo rí ìyá ìyàwó mi nínú àgbàlá, ó ti di ẹrù ọmọ rẹ̀ àti ti ọmọ ọmọ rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó lẹ́nu ọ̀nà, Àìná wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń nu ojú. Nítòsí wọn, mo rí ọmọbìnrin kékeré ìlú Rọra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọlé, ó bojú wẹ̀yìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sétí, ó ń wò mí.

Ní àkókò náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọ̀jẹ́làdé yìí ni. Ó rí mi, ó rí ohun tí mo rù. Ọ̀rẹ́ òtítọ́ ni, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kíá, ó ní, "Ọdẹ́dìran, n kò rí nǹkan kan. Yìn ín báyìí. Tètè, àwọn ọdẹ yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Mo gbé ìbọn sókè. Ìka mi kan ohun tí wọ́n ń fà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ bí ìyìn ṣe ń dùn mọ́ mi tó. Àìná fa etí. Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó rí ìbọn náà, ó fi ọwọ́ bo orí ọmọ.

Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Mo da ẹ̀tù inú rẹ̀ sílẹ̀ nídìí àràbà, mo gbé orí ẹfọ̀n tì í, mo bọ́ bàtà, mo yọ́ wọlé. Ìyá mi ti na ọwọ́ láti gbé ọmọ jó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò dé." Mo gbé Àìná wọ yàrá, mo ti fèrèsé, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní bó ti ń yán, mo fi ọwọ́ lé e láyà. Oòrùn ti gun orí ilé. Ewúrẹ́ ti wọ abẹ́ àká. Kí n tó dórí adìẹ, ojú rẹ̀ ti padé.

Àwẹ̀ró wo ọmọ, ó wò mí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sùn lọ níbi tó fara ti ògiri. Ìyá rẹ̀ yọjú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fi ìka lé ẹnu. Obìnrin tó bá ìjà wá tú ẹrù tó dì, ó fi ṣe ìrọ̀rí, kò sì pẹ́ tó fi ń hanrun. Ìyá mi náà sùn. Èmi nìkan ni mo jókòó láàárín wọn tí mò ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin, inú mi sì dùn títí òjìji àràbà fi gùn dé ẹnu ọ̀nà wa. Lọ́jọ́ kejì Àìná ké díẹ̀ kó tó sùn. Lọ́jọ́ kẹta ó ké jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn mi já. Ṣùgbọ́n àsìkò kan náà ni a ń tẹ́ ẹ, orin kan náà ni, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ń wo ẹní. Omú Àwẹ̀ró padà, ẹ̀rín rẹ̀ náà padà.

Àwọn ọdẹ tó tẹ̀lé Ọ̀jẹ́làdé bá orí ẹfọ̀n nídìí àràbà, ìbọn kò dún. Wọ́n ní òkúùgbẹ́ ni mo he. Ọ̀jẹ́làdé jà fún mi títí, ṣùgbọ́n àṣà ni àṣà. Ní oṣù kejì, òun náà pa ẹfọ̀n, ó yìnbọn, wọ́n sì dé e ní fìlà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi òkúùgbẹ́ bú mi níbi tí a bá ti ń mu ẹmu, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí di òní tí Àìná wá bá mi pé, "Baba, ọmọ mi kò sùn lọ́sàn-án mọ́."

Ẹ wò ó, ọmọ náà ti sùn. Rọra tú ọ̀já, Àìná, tẹ́ ẹ síbi òjìji yẹn. Má sunkún, wàá jí ọmọ.

Ó ní n kò sọ fún òun rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ? O ń sùn nígbà náà.

Ọ̀jẹ́làdé, kí lò ń bọ́ fìlà sí? Olúọdẹ kì í ṣí orí nígbangba. Kí lò ń gbé e bọ̀ lórí mi sí? Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ò rí ọkùnrin yìí, ó dé mi ní fìlà. Kò tilẹ̀ bá mi lórí mu, orí Ọ̀jẹ́làdé tóbi jù, ó ti bò mí lójú. Mo fẹ́ ki ìjálá. Ó ń gún mi lọ́nà ọ̀fun. Ẹ wò mí, mo gbé e mì.

Ìka kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ mú bàtà yín lọ́wọ́, kí ẹ máa lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjìji igi kò tíì gùn.